Wọ́n Ka Ìbọn, Ta Ló Ka Ẹni Tó Gbé Ìbọn?

Bí ìbọn kan ṣoṣo bá sọnù ní bárékè, kò sẹ́ni tí yóò fojú ba oorun lọ́jọ́ náà. Wọn yóò to àwọn sọ́jà sí pápá, wọn yóò tú àpótí, wọn yóò yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, wọn yóò ka rejísítà láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú nọ́ńbà ìbọn náà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè bí inú rẹ̀ ṣe ń rí. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ìbọn kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Bí sọ́jà bá sì ń fẹ̀yìn tì, yóò kó ohun ìjọba sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọn, ó wà níbẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀, ó ti dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá bárékè, ó ti wà lórí tábìlì. Bó ṣe ń kó wọn sílẹ̀ ni akọ̀wé ń fi bírò mààkì wọn lórí ìwé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun kan ni mi ò tí ì gbọ́ pé wọ́n mààkì rí: oorun ọkùnrin náà. Ṣé irú oorun tó ń sùn nígbà tó wọṣẹ́ náà ló ṣì ń sùn? Ṣé ọkàn tó bá a lọ sójú ogun ló bá a padà wálé? Kò sí ìlà fún un nínú fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí nìyí: kí ni ìlú jẹ ẹni tó lọ jagun fún un? Bí ó bá sì jẹ́ pé ìtọ́jú ló jẹ ẹ́, òṣùwọ̀n wo ni a ó fi mọ̀ pé a ti san gbèsè náà?

ÀWỌN ARÁ ILÉ WA NI

Àwa tí à ń gbé agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Bárékè Ọ̀jọ́ ló wà létí títì Badagry yẹn, Navy Town náà kò sì jìnnà. Sọ́jà tó bá ti fẹ̀yìn tì kò lè máa gbé inú bárékè mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ ti mọ́ náà ni yóò ti wá yàrá gbà: Ìyànà Ìbà, ẹ̀yìn Ìbà Estate, inú Òkókómáíkò lọ́hùn-ún. Òun ló ń ṣọ́ géètì níléèwé àwọn ọmọ yín. Òun ló ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ẹ̀ ń wọ̀ láti LASU. Òun lẹ ń pè ní Bàbá Sọ́jà, tí ẹ ń fi dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ jẹun.

Ọ̀kan wà ládùúgbò wa tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó balẹ̀ sí Monrovia ní August 1990. Nígbà tó yá, ó tún lọ sí Sàró. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jà. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá dé, tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin bánńgà, kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, yóò ti da àyà délẹ̀. Yóò dìde, yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù, yóò bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ kò ní rí i níta. Kì í fẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà jókòó. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé òun kì í fọwọ́ kàn án bí òun bá fẹ́ jí i lójú oorun. Ẹnu ọ̀nà lòún ti máa ń pe orúkọ rẹ̀, òun á sì dúró síbẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi là dáadáa. Obìnrin yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Kí ni àdúgbò ń sọ? Àwọn kan ní, “Igbó ló fà jù.” Àwọn kan ní, “Wọ́n ti sà sí i.” Àwọn mìíràn á sọ ohùn wọn kalẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń jà. Nínú gbogbo àwọn tó ń wí tiwọn, mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo pé, “Àìsàn ni, ó sì gbóògùn.”

KÌ Í ṢE ÀÌSÀN ÒYÌNBÓ

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ló kó irú àìsàn yìí wá. Ìtàn Ògún ní Ìrè Èkìtì kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà. Ògún ti ogun dé, ó wọ Ìrè lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ni, ló bá fa idà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ohun tó ṣe náà ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì wọlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ohun tí wọ́n fi ìtàn yẹn kọ́ wa ni pé ìbínú kò dára. Mo rí ohun mìíràn nínú rẹ̀ báyìí. Ara Ògún ti dé Ìrè, ṣùgbọ́n ojú ogun ni ọkàn rẹ̀ ṣì wà. Àwọn tó bá nílé kò sì bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Àṣà wọn lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n dákẹ́.

Àwọn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó rí orúkọ fún un. Nígbà ogun Kaiser, ní 1915, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Charles Myers kọ̀wé nípa àwọn sọ́jà tí ìró àgbá ti da orí wọn rú. “Shell shock” ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ọ̀pọ̀ irú àwọn sọ́jà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní ojo. Ó di 1980, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ti Vietnam dé, kí àwọn dókítà ibẹ̀ tó kọ PTSD sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn gidi.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà Ogun Hitler, wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ sí Burma nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Division 81 tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ékòó níbí, nọ́ńbà àwọn ará Burma yẹn ló ń jẹ́. Ogun náà kò tíì parí tí àwọn kan ti ń ti ibẹ̀ bọ̀ tí orí wọn kò pé mọ́. Ní 1944, ìjọba sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Láńtòrò, l'Ábẹ́òkúta, di ibùgbé alárùn ọpọlọ, àwọn sọ́jà tí wọ́n kó ti ogun dé wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣí i. Láti Láńtòrò yìí ni ilé ìwòsàn Àrò ti yọ. Ẹ rò ó wò: ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn ọpọlọ tó lókìkí jù nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ sọ́jà wà nídìí rẹ̀. Bí a kò bá mọ ìtọ́jú wọn lónìí, kò lè jẹ́ nítorí pé a kò tíì gbọ́ ọ rí.

ÌWỌ̀N TÓ Ń PURỌ́

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pé báwo ni ìtọ́jú ṣe ń lọ, nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kà fún wa. Iye bẹ́ẹ̀dì. Iye dókítà. Iye ènìyàn tó wá lọ́dún. Nọ́ńbà kò burú. Èmi tí mo ń fi ìwé ìròyìn jẹun, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní nọ́ńbà nínú, àhesọ ló máa ń dà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó wà, tí kọ̀ǹpútà wà.

Wọ́n ní iléeṣẹ́ ìjọba ńlá kan tó jẹ́ ti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì nìkan. Iléeṣẹ́ náà pàṣẹ pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí dókítà gbọ́dọ̀ rí i láàárín ọjọ́ 14, wọ́n sì ń wo èyí láti fi mọ ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 2014, àṣírí tú ní ìlú Phoenix. Ìwé àwọn ọ̀gá sọ pé ọjọ́ 24 ni èèyàn ń dúró kó tó kọ́kọ́ rí dókítà. Nígbà tí àwọn olùṣàyẹ̀wò mú àwọn 226 tí wọ́n sì tọpasẹ̀ wọn, ọjọ́ 115 ni wọ́n bá. Àwọn bíi 1,700 ń dúró tí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí lórí ìwé tí ìjọba ń wò. Mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, Eric Shinseki, tí òun náà jẹ́ ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, fi ipò sílẹ̀ lóṣù May ọdún yẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Wọ́n sọ òṣùwọ̀n di ọ̀gá. Nígbà tí nọ́ńbà bá ti di ohun tí èèyàn fi ń gba owó oṣù, nọ́ńbà ni wọn yóò máa tọ́jú, wọn kò ní tọ́jú aláìsàn mọ́. Ẹni tí kò sí lórí ìwé kò lè ba ìwé jẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn o. Tiwa kò yàtọ̀. Àwa kò tilẹ̀ tíì kọ ìwé tí a ó fi purọ́. Bí ẹ bá tẹ́ máàpù sílẹ̀, ẹ ó ní kí la tún ń fẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Ọ̀jọ́ níbí. Ti àwọn sọ́jà, ìyẹn 68 Reference Hospital, wà ní Yábàá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Yábàá, ọdún 1907 ni wọ́n ti ṣí i. Ojú máàpù kò ní ìṣòro. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé Òkókómáíkò ni ìṣòro wà, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló sì wà láàárín òun àti dókítà.

ILẸ̀KÙN MẸ́RIN

Ilẹ̀kùn kìíní ni ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ títì Badagry, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní September 2023, Mile 2 ló mọ nígbà náà. Àwa tó kù lẹ́yìn, dánfó la ń bá yí. Mo tẹ̀ lé ọkùnrin àdúgbò wa yìí lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò nílé. A débẹ̀, èrò ti kún. Wọ́n ní kò sí fáìlì rẹ̀, kí ó lọ gba lẹ́tà wá. Ó jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní, “Àbúrò, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Bí wọ́n bá ka àwọn tó rí ìtọ́jú gbà lọ́jọ́ náà, wọ́n kà á mọ́ wọn.

Ilẹ̀kùn kejì ni owó. Owó oògùn nìkan kọ́. Ìyàwó tó tẹ̀ lé e ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé fún ọjọ́ kan. Bí dókítà bá ní kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ọjọ́ ọjà méjì ló lọ yẹn, owó ọkọ̀ ẹni méjì ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó ń gbé orí pẹ́ńṣọ̀n yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì sọ pé ara òun ti yá.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ojú tì mí. Nílùú Èkó, bí wọ́n bá ti ní “Yábàá Left” báyìí, ẹ̀rín ló kù. Ohun tó tún wúwo jùyẹn wà. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń ṣe ìwádìí ìdílé. Wọ́n á bèèrè bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀. Bàbá tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ wá lọ́kọ kò ní jẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu géètì Yábàá. Yóò gbé àìsàn rẹ̀ mì nítorí àwọn ọmọ. Ṣé òpònú ni? Rárá. Ìfẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin wa pàápàá kò ràn án lọ́wọ́: òfin tí a fi ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà, láti ayé òyìnbó, láti 1916, ló ti ṣẹ̀ wá, “wèrè” náà ló sì ń pe gbogbo wọn. Ó di January 2023 kí Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó mọ̀ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bí i ti ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀kùn kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹnu, òun ni àwọn tó ń wọ̀n nǹkan kì í sì í rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan tó jáde ní 2006. Ènìyàn 4,984 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, bí i 12 ló ti ní àrùn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí láyé wọn. Nínú àwọn tí tiwọn le tó fi ń dá iṣẹ́ wọn dúró, nǹkan bí i 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú gbà lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ogun àti jàǹbá ń fà yìí, PTSD, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹnì kan tó ní in.

Ilé aráàlú ni wọ́n ti bèèrè, kì í ṣe bárékè, n kò sì lẹ́nu láti bá ọ̀mọ̀wé jà lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń dáhùn. Ẹni tó wà lórí ẹní àìsàn, bí wọ́n bá bi í pé ara ńkọ́, “A dúpẹ́” ni yóò sọ. Bí ẹ bá bi Bàbá Sọ́jà pé, “Ṣé ohun búburú tí ẹ rí ń dà yín láàmú?” yóò ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Kò purọ́. Àdúrà ló gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń ta jí lóru? Ṣé àyà yín máa ń já? Ṣé ó máa ń dà bíi pé nǹkan ń rìn lórí yín?” Ẹ ó rí i tí yóò mi kanlẹ̀, tí yóò ní, “Ta ló sọ fún yín?” Òṣùwọ̀n tí kò bá gbọ́ èdè ẹni tó ń wọ̀n, òfo ni yóò máa kà.

KÍ LÓ Ń JẸ́ ÌTỌ́JÚ TÓ DÁRA?

Ká ní ó tilẹ̀ wọlé tán ńkọ́? Ṣé ẹni tó rí dókítà ti rí ìtọ́jú? Ní 2008, iléeṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà wo àwọn ọmọ ogun tó ti Iraq àti Afghanistan dé. Nínú márùn-ún, bí i ẹnì kan ní PTSD tàbí ìbànújẹ́ ọkàn tó le. Nínú àwọn wọ̀nyí, díẹ̀ ló lé ní ìdajì tó wá ìrànlọ́wọ́. Nínú àwọn tó wá a, bí i ìdajì péré ló rí èyí tó kéré jù tí a lè pè ní ìtọ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdajì nínú ìdajì. Ilé ọlọ́rọ̀ nìyẹn o.

Avedis Donabedian, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1966 pé ibi mẹ́ta la lè wò láti mọ bí ìtọ́jú ṣe dára tó: ohun tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún aláìsàn, àti ohun tó yọrí sí. Ìyá tó ń ta ọbẹ̀ ní Ìyànà Ìbà mọ èyí láìkàwé. Ìkòkò ńlá wà nílẹ̀, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun ló máa sọ bí ọbẹ̀ ṣe rí. Àwa ń ka ìkòkò. Dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà, àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé àwọn kò tó 300, fún orílẹ̀-èdè tó ju 200 mílíọ̀nù lọ. A ní láti máa kígbe nọ́ńbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di 3,000 lọ́la, a kò tíì mọ̀ bóyá ìyàwó Bàbá Sọ́jà ti lè fọwọ́ kàn án jí lójú oorun.

Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tèmi. Ẹ lọ bi obìnrin yẹn. Ṣé ó ń sùn mọ́jú? Ṣé ó ń bá àwọn ọmọ jẹun nínú àwo kan? Ṣé ó lọ síbi ìkómọjáde lóṣù tó kọjá? Bí wọ́n ń fún un lóògùn fún oṣù mẹ́fà tí ìdáhùn rẹ̀ kò sì yí padà, kì í ṣe aláìsàn ló fìdí rẹmi, ìtọ́jú ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti rí ọ̀nà yìí láti 1954 ní Àrò. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn lábúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ẹbí wà níbẹ̀ tó ń wò. Ẹbí ló mọ̀ bí ara bá yá.

ṢÉ SỌ́JÀ YẸ LẸ́NI À Ń KẸ́?

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ti ń ru bí wọ́n ṣe ń kà á. “Sọ́jà wo? Èyí tó fi kòbókò na dẹ́rẹ́bà, tó ní kí arúgbó fò bí ọ̀pọ̀lọ́?” Ẹ kò jẹ̀bi. Kò sí ọmọ Èkó tó dàgbà láyé ìjọba ológun tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Odi ní 1999 àti ní Zaki Biam ní 2001 kò sì parẹ́ nínú ìwé. Àwọn tí wọ́n sun ilé wọn níbẹ̀ náà kò sùn mọ́jú.

Èmi kò ní kí á fi ìtọ́jú ṣe àmì ẹ̀yẹ. Àmì ẹ̀yẹ jẹ́ ti ẹni tó ṣe dáadáa. Ìtọ́jú jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó bá ṣe ibi, ilé ẹjọ́ wà fún un, ilé ẹjọ́ kò sì dí dókítà lọ́nà. Ṣùgbọ́n àwa la rán an lọ. A kò mú ìbọn lé e lọ́wọ́ fúnra wa, ṣùgbọ́n orúkọ wa ni wọ́n fi rán an, àwa la sì sùn nílé nígbà tí òun kò sùn. Bí a bá sì kọ̀ tí a kò tọ́jú rẹ̀, òun nìkan kọ́ ni yóò jẹ ìyà náà. Ìyàwó tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kò na dẹ́rẹ́bà kankan. Ọmọ tó ń fẹ̀rọ̀ rìn nínú ilé bàbá rẹ̀ kò lọ sí Odi.

Àwọn mìíràn á ní, “Ṣé sọ́jà nìkan ló ń ṣàìsàn?” Ó ti o. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Borno wà níbẹ̀, ẹni tí ilé wó lé lórí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo aláìsàn ilẹ̀ yìí, sọ́jà ló rọrùn jù láti kà. Ó ní nọ́ńbà. Ó ní fáìlì. Ìjọba mọ ibi tó ti jagun àti oṣù tó dé. Bí a kò bá lè ka ẹni tó ní nọ́ńbà, ta ni a ó rí kà?

OHUN TÓ KÙ LÁTI ṢE

Ọ̀pọ̀ sọ́jà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ń gba ilé ẹ̀kọ́ ìmúpadàbọ̀sípò ti àwọn ológun, NAFRC, ní Òṣòdì kọjá. Oṣù bí i mélòó kan ni wọ́n fi ń kọ́ aṣọ rírán, irin jíjó, adìyẹ sínsìn. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì kan kò lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan, kí ó fi èdè tí kálukú gbọ́ bi í nípa oorun rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀? Ìgbà tó bá sì di ọdún kan, ọdún márùn-ún, kí wọ́n tún bi í, kí á lè mọ̀ bóyá ó ń sàn ni àbí ó ń burú sí i. Kí nọ́ọ̀sì tó wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà Ìbà mọ ìbéèrè yẹn, kí ẹni tó ń gbé Ìbà má ṣe ní láti dé Yábàá kí ó tó rí ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀.

Èyí kò nílò ilé tuntun. Ìjọba ti ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Military Pensions Board máa ń ní kí àwọn tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n wá fara hàn, kí wọ́n lè rí i dájú pé wọn kò tíì kú. Àwọn arúgbó tó ja ogun abẹ́lé, tí wọ́n ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, á tẹ ọ̀pá wá, wọ́n á tẹ̀ka. Wọ́n ń bi wọ́n bóyá wọ́n wà láàyè. Wọn kì í bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ayé náà. Ìlà kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún pé kí wọ́n fi kún fọ́ọ̀mù yẹn.

Ní ti èmi àti ẹ̀yin, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ọdọọdún, a máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òkú ló ni ìdákẹ́ yẹn o. Ti alààyè kọ́. Alààyè wà ní géètì iléèwé tí ẹ ń kọjá lárààárọ̀. Ẹ má bi í léèrè ogun, òun ló mọ ìgbà tó máa fẹ́ sọ ọ́. Ẹ kàn kí i, kí ẹ sì dúró gba ìdáhùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bá yín sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ẹ má ṣe gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ sọ fún un pé àìsàn ni, pé ó ní orúkọ, pé àwọn mìíràn ti rí ìwòsàn rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ẹni tó máa bá a tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ, ẹ bá a lọ, kí ẹ sì bá a dúró títí dókítà yóò fi dá a lóhùn.